FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ: OHUN TÍ Ó JẸ́ ÀTI BÍ Ó ṢE Ń FA ÀÌSÀN

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti ìtòsí Ìgá Ìdúngànràn títí dé Èbúté Èrò, ilé sún mọ́ ilé, yàrá sì sún mọ́ yàrá. Ìdílé púpọ̀ ni ó ń lo àgbàlá kan, tí wọ́n sì jọ ń bu omi láti inú dúrọ́ọ̀mù kan. Bí èéyi bá mú ọmọ kan ní yàrá iwájú lónìí, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọ yàrá ẹ̀yìn náà yóò fi dùbúlẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé oòrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà jù. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ohun kan ni ó ń ti ara ọmọ kìíní bọ́ sí ara ọmọ kejì, ohun náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí i. Orúkọ rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì.

Ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀, ìgbóná, àti àrùn Ẹbólà tí ó wọ Èkó ní ọdún 2014, fáírọ́ọ̀sì ni ó fa gbogbo wọn. Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi oògùn mímu lé lọ. Mímọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé, àti dídí ọ̀nà náà, ni a fi borí wọn. Nítorí náà ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tí fáírọ́ọ̀sì jẹ́ àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

KÒKÒRÒ ÀRÙN KÌ Í ṢE ORÍṢI KAN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pe gbogbo ohun tí ń fa àrùn ní kòkòrò, bí ẹni pé irú kan náà ni gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin wọn. Èyí tí àwọn oníṣègùn ti kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni bakitéríà. Ní ọdún 1924, àrùn eku jà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ìgbà náà fi dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928. Bakitéríà ni ó fa àrùn yẹn; ara eku ni ó wà, kòkòrò kékeré tí ń fò lára eku ni ó sì ń gbé e dé ara ènìyàn.

Bakitéríà kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀dá alààyè ni. Ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Ó ní ògiri tí ó yí ara rẹ̀ ká. Oògùn bíi pẹnisílìnì ń ba ògiri náà jẹ́, bakitéríà a sì kú.

Fáírọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ, kì í mu, kì í mí. Kò ní irú ògiri tí pẹnisílìnì lè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, tí ó lọ ra kápúsù alápá pupa àti alápá ìyeyè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fi ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀fìnkìn náà yóò lọ ní ọjọ́ tí yóò lọ. Kápúsù kọ́ ni ó lé e. Ewu mìíràn sì tún wà níbẹ̀: àwọn bakitéríà tí ó wà lára ẹni náà yóò mọ́ oògùn lára, nígbà tí a bá sì nílò rẹ̀ ní tòótọ́, kò ní ràn wọ́n mọ́.

BÍ A ṢE MỌ̀ PÉ FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ WÀ

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí yóò lóye bí a ṣe rí ìdí ọ̀ràn yìí. Nígbà tí a bá da àgbàdo lílọ̀ sínú asẹ́, èèrí a dúró lókè, omi ògì a sì ṣàn kọjá. Ní nǹkan bí ogún ọdún tí ó parí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù fi amọ̀ sísun ṣe asẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè kọjá nínú rẹ̀. Omi tí ó bá ti inú asẹ́ yìí jáde, a gbà pé kò ní àrùn nínú mọ́.

Ní ọdún 1892, Dmitri Ivanovsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, mú ewé tábà tí ó ń ṣàìsàn, ó gún un, ó sì da oje rẹ̀ sínú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé oje tí ó ṣàn jáde ṣì ń kó àrùn ran ewé tí ara rẹ̀ le. Ohun kan wà tí ó kéré ju bakitéríà lọ, asẹ́ kò sì dá a dúró. Ní ọdún 1898, Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, tún iṣẹ́ yìí ṣe, ó sì sọ pé irú ohun tuntun ni. Ó pè é ní fáírọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ oró tàbí májèlé.

Kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i títí di ìgbà tí a ṣe awò amúhun-tóbi tuntun tí ń lo agbára iná mànàmáná, ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940. Bí a bá to fáírọ́ọ̀sì tí ń fa ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìlà kan, a ó nílò nǹkan bí 20,000 kí wọ́n tó gùn tó milimítà kan ṣoṣo.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ohun méjì pàtàkì ni ó wà nínú fáírọ́ọ̀sì. Èkíní ni àṣẹ tí ó sọ bí a ó ṣe ṣe irú rẹ̀ mìíràn. Èkejì ni èèpo tí ó bo àṣẹ náà. Àwọn kan tún ní ẹ̀wù ọlọ́ràá lórí èèpo yìí. Irú bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì èéyi, ti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀, ti Ẹbólà àti ti kòrónà. Gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ ti ń tú epo kúrò lára àwo, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń tú ẹ̀wù ọlọ́ràá yìí, fáírọ́ọ̀sì náà a sì fọ́. Àwọn tí kò ní ẹ̀wù yìí, bíi ti àrùn rọpárọsẹ̀, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn a máa gbé wọn kúrò lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ fífi ọṣẹ fọ ọwọ́. Omi nìkan kò tó.

BÍ Ó ṢE Ń SỌ ARA ENÌYÀN DI ILÉ IṢẸ́ RẸ̀

Ara ènìyàn kún fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Bí bíríkì ti pọ̀ lára ilé ni wọ́n pọ̀ lára wa, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà láàyè, ó sì dà bí ṣọ́ọ̀bù tí iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìdúmọ̀tà ṣe àpẹẹrẹ. Pépà tí télọ̀ ń wò gé aṣọ kò lè dá aṣọ rán. Kò ní ọwọ́, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀rọ. Bí ó bá wà lórí ilẹ̀ níta, yóò kàn máa gbó ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá yọ́ wọlé lóru, tí ó gbé pépà ọ̀gá kúrò lórí tábìlì, tí ó sì fi tirẹ̀ sí ipò rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá dé ní òwúrọ̀, iṣẹ́ olè ni wọn yóò máa ṣe láìmọ̀. Aṣọ ọ̀gá ni wọn yóò lò, òwú ọ̀gá ni wọn yóò ná, agbára tiwọn ni yóò tán. Bí olè náà bá sì ti kọ ọ́ sínú pépà rẹ̀ pé kí wọ́n máa gé irú pépà yìí kan náà, kí wọ́n sì máa kó o jáde, láìpẹ́ pépà olè yóò wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní òpópónà náà.

Bí fáírọ́ọ̀sì ti ń ṣe gan-an nìyí. Ní òde sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe ohunkóhun. Bí ó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì tán, sẹ́ẹ̀lì náà yóò pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Níkẹyìn, ọ̀pọ̀ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a kú, àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun a tú jáde, olúkúlùkù a sì máa wá sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kiri.

Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ní irú kọ́kọ́rọ́ tí ó mú lọ́wọ́. Èyí tí ń fa ọ̀fìnkìn, ilẹ̀kùn imú àti ọ̀fun ni ó lè ṣí. Ti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá ẹ̀dọ̀ jà jù. Ti rọpárọsẹ̀ ń gba ẹnu dé inú ìfun, ó sì lè ti ibẹ̀ dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ó ti ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń darí ẹsẹ̀ àti apá. Ti àrùn dìgbòlugi ń tẹ̀lé iṣan ìmọ̀lára láti ojú ibi tí ajá ti bu ènìyàn jẹ, títí yóò fi dé inú ọpọlọ.

BÍ Ó ṢE Ń DI ÀÌSÀN

Àìsàn kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ó ní láti kọ́kọ́ pọ̀ nínú ara ná. Ti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ń gba ọjọ́ 3 sí 6, ti èéyi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, ti Ẹbólà ọjọ́ 2 sí 21. Nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lónìí lè ti ní in lára.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì ń gbà ṣe ènìyàn ní ibi. Lọ́nà kìíní, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì, ibi tí ó bá sì ti pa sẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ibẹ̀ kò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ó bàjẹ́ ni ó ń sọ ojú di pípọ́n bí ìyeyè. Lọ́nà kejì, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ a gbéra láti bá a jà, ìjà náà sì ń mú kí ara gbóná, kí orí máa fọ́ni, kí gbogbo oríkèé máa ro ni. Lọ́nà kẹta, ó ń sọ ara di aláìlágbára, àrùn mìíràn a sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí èéyi ń pa, kì í ṣe èéyi gan-an ni ó pa wọ́n, bí kò ṣe àrùn ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí ó tẹ̀lé e.

IBÀ APỌ́NJÚ-PỌ́NTỌ̀ ÀTI ÌWÁDÌÍ TÍ A ṢE NÍ YÁBÀ

Ìtàn ibà yìí kan Èkó gidigidi. Láti ọdún 1900, ìwádìí tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè Kúbà ti fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà náà kiri. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀fọn ń gbé? Oníṣègùn olókìkí kan, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánù, sọ pé irú bakitéríà kan ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́.

Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán àwọn oníṣègùn wá sí Èkó. Yábà ni ilé ìwádìí wọn wà, ní òdìkejì ọ̀sà sí Erékùṣù Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Asibi, ní ìlú Kpeve ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsin yìí. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí ara irú ọ̀bọ kan tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, ọ̀bọ náà sì kú. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson da irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú asẹ́ tí kì í jẹ́ kí bakitéríà kọjá. Ohun tí ó ṣàn jáde ṣì fi ibà náà ṣe ọ̀bọ. Èyí fi hàn gbangba pé fáírọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe bakitéríà.

Owó tí wọ́n san lórí ìmọ̀ yìí wọ́n. Ibà náà mú Stokes fúnra rẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi wá sí Accra láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ibà kan náà pa á níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Dókítà William Young tí ó ràn án lọ́wọ́ kú láàrin ọjọ́ díẹ̀ sí i. Asibi ní tirẹ̀ gbádùn.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi kò ṣòfò. Ní New York, Max Theiler mú ìran fáírọ́ọ̀sì tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ náà wá, ó ń tọ́ ọ nínú ẹran ara eku àti ti adìẹ ní ìgbà púpọ̀, títí agbára ìpalára rẹ̀ fi tán. Ní ọdún 1937 ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń pè ní 17D, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1951. Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ tí a ń lò káàkiri ayé títí di òní, inú ìran yìí ni ó ti wá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo a máa dáàbò bo ènìyàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà yìí láàrin ìlú ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ni ó sì ń jẹni jù. Kì í fẹ́ràn omi gọ́tà. Omi mímọ́ tí ó dúró sójú kan ni ó fẹ́: inú àmù, inú dúrọ́ọ̀mù, inú agolo àti táyà tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ní òkè omi díẹ̀. Ẹyin náà lè gbẹ fún oṣù púpọ̀, bí omi bá sì tún kàn án, yóò pa. Láti ẹyin di tanwíìjí, láti tanwíìjí di ẹ̀fọn, kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ.

Ìdí rèé tí àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ fi máa ń yọjú sínú àmù, tí wọ́n sì ń gbé ẹni tí tanwíìjí bá wà nínú omi rẹ̀ lọ sí kóòtù. Àwọn ènìyàn bínú sí wọn, wọ́n rò pé owó ìtanràn ni ìjọba ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àmù kan tí a kò fọ̀ lè tọ́ ẹ̀fọn tó láti gbé ibà ká gbogbo agbo ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà.

ÌGBÓNÁ TÍ KÒ SÍ MỌ́

Àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ àrùn yìí ní gbangba. Wọ́n a ní ilẹ̀ gbígbóná, tàbí olóde. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá mú, nǹkan bí mẹ́ta ni ó ń pa. A sì ń fọ́ ojú àwọn mìíràn, tàbí kí ó fi àpá sí wọn lójú títí ọjọ́ alẹ́. Èémí aláìsàn àti èépá ara rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń bá jáde, aṣọ àti ẹní rẹ̀ sì lè gbé e.

Ní Èkó, Dókítà Oguntola Sapara, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó kọ́kọ́ di oníṣègùn òyìnbó, ṣàkíyèsí pé àrùn náà ń tàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn kan tí ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun jẹ́. Ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi kó àrùn náà ran ẹlòmíràn. Ohun tí ó rí yìí ni ó mú kí ìjọba ìgbà náà fi òfin de ẹgbẹ́ náà.

Bùpá ni ó wá ṣẹ́gun ìgbóná. Láti ọdún 1796 ni Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé ẹni tí àrùn màlúù kan tí ó jọ ìgbóná bá ti ṣe rí, ìgbóná kì í mú un. Ní oṣù kìíní ọdún 1967, iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Kì í ṣe pé a fún gbogbo ènìyàn ní bùpá nìkan. Níbikíbi tí aláìsàn kan bá ti yọ, àwọn òṣìṣẹ́ a sáré lọ síbẹ̀, wọ́n a fún gbogbo àwọn tí ó yí i ká ní bùpá, fáírọ́ọ̀sì náà kò sì ní rí ara ẹni tí yóò bọ́ sí mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn tí ó kó o láti ọwọ́ ẹlòmíràn láàrin ìlú, ní ilẹ̀ Sòmálíà, a sì kéde ní ọdún 1980 pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Àpá bùpá tí ó wà ní apá àwọn àgbàlagbà wa jẹ́ ẹ̀rí ìṣẹ́gun náà.

ẸBÓLÀ NÍ ỌBALÉNDE

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti ilẹ̀ Làìbéríà wá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pẹ̀lú àìsàn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbalénde, ní Erékùṣù Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura pé Ẹbólà ni, ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi ipá béèrè pé kí a dá a sílẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Dókítà Adadevoh kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Kò sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára Ẹbólà ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni ní Èkó nígbà náà. Ohun tí a mọ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà: ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, òógùn àti àwọn omi mìíràn láti ara aláìsàn tàbí òkú rẹ̀, bí ó bá kan ojú, ẹnu tàbí egbò ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá tíì máa ṣàìsàn kì í kó o ran ẹnikẹ́ni. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn jáde, nǹkan bí 900 ènìyàn, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò ní ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, a yà á sọ́tọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ èké kan tàn kálẹ̀ pé kí ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún. Ọ̀pọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìròyìn sì sọ pé ó gbé àwọn kan lọ sí ilé ìwòsàn, ènìyàn méjì sì kú. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé inú sẹ́ẹ̀lì ni fáírọ́ọ̀sì ń fara pa mọ́ sí yóò mọ̀ pé omi iyọ̀ kò lè lé e níbẹ̀.

BÍ ÀJẸSÁRA ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ara ènìyàn kì í gbàgbé ọ̀tá tí ó bá jà rí. Ẹni tí èéyi bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà mú un mọ́, nítorí pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fi ojú ọ̀tá han ara láìjẹ́ kí ọ̀tá náà wọlé. A lè lo fáírọ́ọ̀sì tí a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí èyí tí a ti pa, tàbí ẹ̀yà kékeré kan lára rẹ̀. Bí ara bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àmì pé ara ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni.

Àǹfààní rẹ̀ kì í mọ sí ara ẹni tí ó gbà á. Aláìsàn èéyi kan lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18 láàrin àwọn tí kò gba àjẹsára. Bí gbogbo ọmọ àgbàlá bá ti gbà á, fáírọ́ọ̀sì kò ní rí ọ̀nà dé ara ìkókó tí kò tíì tó gbà á. Irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí a lè kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ojúlówó fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ inú igbó ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

OHUN TÍ AGBO ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

1. Kí a da omi inú àmù àti dúrọ́ọ̀mù nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a fi kànìnkànìn ha inú rẹ̀ dáadáa nítorí ẹyin ẹ̀fọn, kí a sì bò ó. Kí a kó agolo, ike àti táyà kúrò ní ẹ̀yìnkùlé.

2. Kí ìyá ọmọ gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera ìjọba ní àkókò tí ó yẹ. Láti ìgbà ìbí ni a ti ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Bí ó bá pé oṣù 9, yóò gba ti èéyi àti ti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní oṣù 15, yóò tún gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọdún 2023 ni a ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára fáírọ́ọ̀sì tí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kí a tọ́jú káàdì wọn.

3. Kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí a tó jẹun, àti lẹ́yìn tí a bá tọ́jú aláìsàn.

4. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn tán, ikú ni ó sábà ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

5. Bí ibà bá mú ènìyàn, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, kí a má ṣe gbé e pa mọ́ sí yàrá, kí a má sì ṣe ra oògùn fún un ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kí a sì sọ òtítọ́ fún oníṣègùn nípa ibi tí ó ti dé àti àwọn tí ó súnmọ́.

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìyẹ́, kò sì lè dá gbé ara rẹ̀ láti yàrá iwájú dé yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀fọn inú àmù wa, ọwọ́ tí a kò fọ̀, èémí wa, àti àìsàn tí a gbé pa mọ́, àwọn wọ̀nyí ni ó ń gbé e rìn. Ní àgbàlá tí ènìyàn pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Bí ìdílé mẹ́sàn-án bá fọ àmù wọn, tí ìkẹwàá kò fọ tirẹ̀, ẹ̀fọn inú àmù kẹwàá yóò kárí gbogbo wọn.